Ohùn Tí Mo Gbọ́ Láyà Ẹ̀bùn

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹsàn-án, 2024

Olúṣínà ọmọ mi pè láti Fìdítì láàárọ̀ yìí, mi ò tíì wẹ̀. Ọsibítù ńlá ti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá dé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń wá lọ́dún. Ọmọ tó lé ní àádọ́ta ló wà nílẹ̀, mẹ́rìnlá ni wọ́n mú.

"Màmá, wọ́n mú Ẹ̀bùn! Wọ́n mú un!"

Mo ní ká fọpẹ́ fún Ọlọ́run. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àpótí nídìí ààrò, ó sì pẹ́ kí n tó lè dìde.

Láti ìgbà tí Ẹ̀bùnolúwa ti dákú nílé ìwé lóṣù Kẹfà, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ rí ihò nínú ọkàn rẹ̀, ni àwọn ará Ìlọrà ti ń kí mi bí ẹni pé èmi ni mo rí i. "Màmá Nọ́ọ̀sì, orí ló bá ọmọ yẹn ṣe é tó fi ní ìyá àgbà bíi tiyín." Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kékeré Akínmọ̀rìn kí n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí agbolé kan níbẹ̀ tí wọn ò ti mọ̀ mí.

Mo ra ìwé yìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kọ sínú rẹ̀. Mi ò lè kọ ọ́ lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 5

Epo bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí. Owó mọ́tò láti Ìlọrà dé Fìdítì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àwọn èrò sì ń bá awakọ̀ jà bí ẹni pé òun ló ni kànga epo. Òjò bá wa lọ́nà.

Nígbà tí òjò dá, mo bá Ẹ̀bùn lójúde. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré ìje láti ìdí igi ọsàn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òun kò lè bá wọn sá a. Ó jókòó sórí bíríkì, ó nawọ́ sókè, ó ń pàṣẹ: "Ẹ má tíì lọ! Ẹ dúró síbẹ̀! Ó yá!" Òun ni wọ́n fi ṣe rẹfirí. Ó sọ fún mi pé bí òun ò bá sí níbẹ̀, wọn kì í mọ ẹni tó borí, ìjà ni wọ́n máa ń jà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń mí hẹlẹ, ètè rẹ̀ sì ṣú díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà, kílò mẹ́rìnlá.

Fúnmilọ́lá ìyá rẹ̀ dìde nídìí maṣíìnì ìránṣọ, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ti rán aṣọ ìwọ̀sùn méjì fún ọmọ náà, ó to bọ́tìnì síwájú rẹ̀ láti ọrùn délẹ̀, kí ó lè rọrùn fún àwọn dókítà láti ṣí àyà rẹ̀.

"Màmá, ṣé bó ṣe yẹ kí ó rí nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Ká ní kò sí yín ni, mi ò mọ ẹni tí mi ò bá máa bi ní ìbéèrè."

Mo tẹjú mọ́ àwọn bọ́tìnì náà. Mo kà wọ́n. Mẹ́jọ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ó yá, màá kọ ọ́.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni Ẹ̀bùn nígbà tí Fúnmilọ́lá gbé e wá gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Akínmọ̀rìn. Ó lè gbà á ní Fìdítì, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ ìyá ọkọ òun ni òun fẹ́ kí ọmọ òun ti gbà á. Ọdún méje ló fi wá ọmọ náà. Oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀ ṣáájú. Mo rí i pé ọmọ náà ń làágùn bó ṣe ń mu ọmú, òógùn ń kán ní iwájú orí rẹ̀ láàárín òtútù. Mo fa ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà yọ, mo gbé e lé e láyà.

Mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe bí ọkàn ọmọ tuntun ṣe ń dún. Ohun kan ń fẹ́ láàárín rẹ̀ fùù, fùù, bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n kọ́ wa. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti kọ lẹ́tà fún ṣáájú ìgbà yẹn pé kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo gbójú sókè. Fúnmilọ́lá ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Màmá, ṣé ó dáa?"

Mo ní, "Ó dáa."

Mo sọ fún ara mi pé irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń dí fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, òótọ́ sì ni. Mo ní màá tún gbọ́ ọ tó bá yá. Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, mo gbọ́ ọ, ohùn náà ti rọlẹ̀ gan-an. Mo ní ihò náà ti ń dí. Mo mú ọrẹ ọpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí.

Ibẹ̀ kọ́ ló burú sí jù. Nígbà tí Ẹ̀bùn pé ọdún mẹ́ta, tí kì í sanra, tí ikọ́ ń dá a dùbúlẹ̀ lóṣooṣù, Fúnmilọ́lá múra láti gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ti di ẹrù. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣebí èmi náà ti gbọ́ àyà rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe rí ní kékeré nìyí." Ó gbà mí gbọ́. Ó tú ẹrù náà.

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Torí pé bó bá débẹ̀ wọ́n á rí i, wọ́n á sì bi í pé ta ló ti ń yẹ ọmọ yìí wò láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ohun tó wà ńbẹ̀ nìyẹn. Mo ti wá ìdí mìíràn títí, mi ò rí.

Ọjọ́bọ̀, 19

Gbogbo wa ló lọ rí dókítà. Dókítà Akínwálé ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì ní sùúrù. Ó ya ọkàn sí ẹ̀yìn káàdì kan, ó fi bíírò dá ihò sí àárín rẹ̀.

Ó ní ihò náà tóbi. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ẹ̀jẹ̀ ti ń rọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn iṣan ibẹ̀ sì ti ń le.

"Ká ní ẹ gbé e wá kó tó pé ọdún kan, iṣẹ́ tó mọ́ wa lọ́wọ́ ni. Ní báyìí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Tó bá ti ga jù, a ò ní fọwọ́ kàn án. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí a bá dí ihò náà, ó lè kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Olúṣínà béèrè pé, "Tí ẹ ò bá wá ṣe é ńkọ́, sà?"

"Á máa lo oògùn. Mi ò lè sọ iye ọdún tí á fi lò ó."

Fúnmilọ́lá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Dókítà ń kọ̀wé lọ. Láìgbójú sókè ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ohùn kan tí kò yẹ láyà ọmọ náà rí, nígbà tó wà ní kékeré.

"Rárá, sà," ni Fúnmilọ́lá wí. "Nọ́ọ̀sì ni ìyá ọkọ mi. Àwọn náà máa ń gbọ́ àyà rẹ̀. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan."

Dókítà wò mí. Mo wolẹ̀. Ó kọ ohun tí Fúnmilọ́lá sọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pe Fúnmilọ́lá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Páìntì ẹ̀jẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní ká wá sílẹ̀. Díákónì Adégòkè kó ènìyàn mọ́kànlá jọ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n kún inú bọ́ọ̀sì fọ́fọ́. Àgbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú wọn, ẹrẹ̀ oko ṣì wà ní bàtà àwọn kan. Ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ jù nínú wọn, ẹni tó ń fọwọ́ kan gbé àpò gààrí, rí abẹ́rẹ́, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ojú rẹ̀ là. Ó ní kí wọ́n tún gbìyànjú, òun á dijú. Wọ́n gba tirẹ̀ náà. Páìntì méje la rí.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, Díákónì ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ gún gbogbo ọmọ wa lábẹ́rẹ́. Ẹ ti wá rí i kí wọ́n gún àwa náà kí ẹ tó kú." Bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

Torí tèmi ni wọ́n ṣe wá. Torí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún mi ni wọ́n fi pa oko tì lọ́jọ́ tí òjò dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni pẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹwàá

Wọ́n gba Ẹ̀bùn sí wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì kejì sí fèrèsé. Ó ti bi nọ́ọ̀sì pé ta ló máa ń sùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ṣé ẹni náà ti lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbàdúrà pé kí ó jẹ́ òótọ́.

Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wa, Ìfẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀. Irú ihò kan náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta ata, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òun àti Fúnmilọ́lá ti ń pín omi gbígbóná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba itan ọmọ náà dé inú ọkàn rẹ̀ láti wọn ìfúnpá yẹn. Wákàtí méjì. Ó ga. Kò ga kọjá ibi tí wọ́n ti ń lé ènìyàn padà, kò sì lọ sílẹ̀ débi tí ọkàn ẹni fi lè balẹ̀. Àárín ló wà. Dókítà Akínwálé ní gbogbo àwọn oníṣẹ́ abẹ á jókòó sọ ọ́ lọ́la.

Ọjọ́rú, 9

Ó ti jáde lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Ìyá Ìfẹ́ ń sọ bí wọ́n ṣe rí àìsàn ọmọ rẹ̀. Ó ní òun gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn abúlé wọn, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ gbọ́ àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní òun bú nọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ yẹn. Òun sọ pé àjẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì ò bínú, ó sáà kọ lẹ́tà, ó sì wá sílé lọ́jọ́ kejì láti rí i pé òun ti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

"Mo bú u o, Ìyá Ẹ̀bùn. Tí mo bá délé, mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin."

Fúnmilọ́lá ní, "Ọlọ́run ló rán an sí ẹ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe kòńgẹ́ irú rẹ̀." Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n má gbà á sí èébú.

Ó gbé aṣọ ìwọ̀sùn Ẹ̀bùn jáde lọ fọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Mo tẹ̀ lé e.

"Fúnmilọ́lá, mo gbọ́ ọ."

"Kí lẹ gbọ́, Màmá?"

"Ohùn tí dókítà béèrè. Mo gbọ́ ọ láyà Ẹ̀bùn nígbà tó wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mi ò sọ fún ẹ."

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń fọ aṣọ. Omi ti kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣàn lé e lẹ́sẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo di ẹrù ńkọ́? Ọjọ́ tí ẹ ní kí n tú u?"

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ó ti ẹ̀rọ omi pa. Ó fún aṣọ náà títí omi fi tán lára rẹ̀ pátápátá, ó tún fún un. Mo kúnlẹ̀. Èmi, ìyá ọkọ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ.

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ wá sọ ọ́ fún dókítà, wọn ò tíì parí ìpàdé wọn. Bóyá ó máa wúlò fún wọn."

Ó ṣáájú, mo tẹ̀ lé e. Kò bojú wẹ̀yìn.

Dókítà Akínwálé jáde sí wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹwàá, bí ohùn náà ṣe le tó, oṣù kẹsàn-án tó rọlẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní, "Ó rọlẹ̀ lóṣù kẹsàn-án? Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Mo rò pé ó ti ń dí ni."

Ó ní, "Kò dí, Màmá. Ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró ló ga débi pé ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti rọ́ gba inú ihò náà mọ́. Ìgbà tí ohùn náà rọlẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ ká sáré."

Ọjọ́ Àìkú tí mo mú ọpẹ́ lọ!

Ọjọ́bọ̀, 10

Wọ́n máa ṣe é. Nígbà tí wọ́n fún un ní ọ́síjìn àti oògùn láàárín àyẹ̀wò ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìfúnpá náà wálẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé àwọn iṣan náà ò tíì le tán. Wọ́n máa dí ihò ńlá náà, wọ́n á fi ojú kékeré kan sílẹ̀ lára aṣọ tí wọ́n fi dí i, kí ọkàn lè rí ibi mí bí ẹ̀dọ̀fóró bá ta kú. Dókítà ò tàn wọ́n. Ó ní nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá rí báyìí, ẹyọ kan tàbí méjì lè má jí.

Olúṣínà fọwọ́ sí ìwé náà. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un. Mo rí i nínú bó ṣe ń rìn.

Ó wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì níta ní ọ̀sán. Mo ti múra sílẹ̀ fún ohunkóhun. Ó ní, "Màmá, ẹ ti jẹun?" Mo ní mi ò tíì jẹ. Ó lọ ra búrẹ́dì wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó padà wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ lónìí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n wá gbé e. Ó wọ ọ̀kan nínú aṣọ tí ìyá rẹ̀ rán. Ó béèrè lọ́wọ́ dókítà pé tí wọ́n bá dí i tán, ṣé òun ò ní í ṣe rẹfirí mọ́. Dókítà ní òun ò mọ̀, pé kí ó bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dágbére fún bàbá rẹ̀, fún ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà fún mi: "Ó dàbọ̀, Màmá Ìlọrà. Ẹ má mu ọsàn mi tán o."

Olúṣínà àti Fúnmilọ́lá jókòó sí ìhà kan. Èmi jókòó sí ìhà kejì, àga mẹ́rin ló wà láàárín wa. Ọmọ kékeré náà, Ìfẹ́olúwa, ti ṣe tirẹ̀ lánàá. Wákàtí mẹ́ta péré, ó ti ń ké lónìí pé ebi ń pa òun. Ìyá rẹ̀ ń rìn láti ọ̀dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ mi, ó ń gbàdúrà fún gbogbo wa, kò sì mọ ìdí tí a fi jókòó bẹ́ẹ̀.

Wákàtí méje àti ààbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ọ̀sì sáré jáde lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé. Nígbà tí Dókítà Akínwálé jáde, ó kọ́kọ́ mu omi. Ó ní, "Ó wà láàyè. Ọkàn rẹ̀ ti ń lù fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni kò tíì gbà."

Fúnmilọ́lá dojú bolẹ̀ lórí táìlì. Mo fẹ́ gbé e dìde. Mo na ọwọ́, mo tún fà á padà.

Ọjọ́bọ̀, 17

Ẹ̀dọ̀fóró náà ta kú lánàá. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Fúnmilọ́lá ò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Bákan náà. Wọ́n dá Ìfẹ́olúwa sílẹ̀, ó ti lọ sílé. Ìyá rẹ̀ fún mi ní omi inú ike tó kù, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́kàn gírí fún wọn." Mo ní màá gbìyànjú.

Ọjọ́ Ajé, 21

Wọ́n yọ ẹ̀rọ náà ní ọ̀sán yìí. Ó mí. Ó mí fúnra rẹ̀! Wọ́n jẹ́ kí á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, Fúnmilọ́lá ń jáde bọ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mi, kò wò mí. Ètè ọmọ náà pọ́n. Mi ò rí i kó pọ́n bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo tọ́ ọ lómi pẹ̀lú òwú, bí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe ní kí n ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 31

Wọ́n dá a sílẹ̀. Dókítà kọ oògùn tí yóò máa lò fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní ibi tó ti le tẹ́lẹ̀ lè má rọ̀ mọ́, ó sì lè rọ̀ díẹ̀. Ọdún kan sí i, a óò mọ̀.

Lẹ́nu géètì, nígbà tí Olúṣínà lọ wá mọ́tò, Fúnmilọ́lá bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò le, ó ti rò ó dáadáa.

"Màmá, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ìlọrà tàbí ní Fìdítì. Mi ò sì ní gba ọmọ ọmọ yín lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ò bá yá, tó bá ṣe pé ikọ́ lásán ni, mi ò ní bi yín mọ́. Ẹ má bínú."

Mo ní mi ò bínú. Wọ́n sọ̀ mí ní Fìdítì, mo wọ mọ́tò mìíràn dé Ìlọrà. Kò sí ẹni tó ní kí n dúró jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kọkànlá

Ìdúpẹ́ Ẹ̀bùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òjò ti dáwọ́ dúró, eruku ti bẹ̀rẹ̀. Olúṣínà kó ẹbí rẹ̀ wá láti Fìdítì torí pé ibí ni àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wà. Ọmọ náà rìn láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì dìde.

Lẹ́yìn tí Olúṣínà sọ̀rọ̀ tán, pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ lẹ́nu Màmá Nọ́ọ̀sì wa. Ẹ jáde wá, Màmá. Ká ní gbogbo ilé ló ní irú yín ni!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Díákónì Adégòkè dìde dúró kó lè pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ dáadáa.

Mo dé iwájú. Mo fẹ́ sọ pé Olúwa ṣeun, kí n padà sí ìjókòó mi. Fúnmilọ́lá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti pa àdéhùn rẹ̀ mọ́, yóò sì máa pa á mọ́ títí tí màá fi kú, yóò máa jókòó síbẹ̀ lọ́dọọdún kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún mi lójú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ọmọ yìí wà lọ́mọ ọwọ́, mo gbọ́ àìsàn náà láyà rẹ̀, mi ò sì sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, èmi ni mo dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín."

Akọrin kan bẹ̀rẹ̀ orin, kò rí ẹni gbè é. Mo padà sí ìjókòó mi. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé báàgì rẹ̀ kúrò láàárín wa, ó sì gbé e padà.

Ọjọ́rú, 20

Díákónì Adégòkè yà. Ó kí mi, ó jókòó. Nígbà tó ń lọ ó ní, "Gbogbo ọmọ mi márààrún lẹ gbọ́ àyà wọn, Màmá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ó mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti mú. Fúnmilọ́lá pè lánàá pé òun fẹ́ gbé aṣọ tí òun rán wá fún oníbàárà kan ní Ìlọrà, pé òun àti Ẹ̀bùn á yà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbálẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ. Kò jókòó. Mo béèrè ohun tí dókítà sọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sọ ọ́ fún mi láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, bí ẹni ń ka lẹ́tà: ìfúnpá náà ti wálẹ̀ díẹ̀, kílò rẹ̀ ti di mẹ́rìndínlógún, ó lè gun àtẹ̀gùn, ó lè rìn lọ sílé ìwé, kò ní lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré ìje, bóyá títí ayé. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ gbé aṣọ náà lọ, ilé náà ò jìnnà, ṣé kí ọmọ dúró níbí. Mo ní kí ó dúró.

Ó lọ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo bó ọsàn fún Ẹ̀bùn. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń mu ún, ó ń to kóró rẹ̀ sí ìlà kan.

"Màmá, ohun tí ẹ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, ṣé òótọ́ ni? Ẹ mọ̀ pé ara mi ò yá?"

"Òótọ́ ni. Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mọ́mì mi?"

Mo ní, "Ẹ̀rù bà mí pé inú wọn á bàjẹ́."

Ó rò ó wò. Ó tu kóró kan sí i sọ́wọ́, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù.

"Inú wọn ti wá bàjẹ́ báyìí," ló wí. "Wọ́n máa ń sunkún nídìí maṣíìnì. Wọn ò mọ̀ pé mò ń rí wọn."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ bẹ̀ wọ́n?"

"Mo bẹ̀ wọ́n."

Ó ní, "Ẹ tún bẹ̀ wọ́n." Ó sì na ọwọ́ pé kí n bó òmíràn fún òun.

Ìyá rẹ̀ dé kó tó mu ún tán. Mo sìn wọ́n dé ojú títì. Fúnmilọ́lá dá mọ́tò dúró, ó gbé ọmọ wọlé, ó tún ìborùn rẹ̀ so nítorí eruku, ó sì ní, "Ó dàbọ̀, Màmá." Mo ní kí wọ́n kí Olúṣínà fún mi. Ó ní àwọn á tún wá. Kò dá ọjọ́.